Ọmọ Mi Kúnlẹ̀ Nínú Ọ̀sà

Nínú ilé wa, ọkọ mi ni ìpẹja kọ́kọ́ mú. Ọkùnrin tí kò lè tò sórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìmí kanlẹ̀ ló wá di ẹni tí ń dúró nínú ọ̀sà Galveston, ní Texas níbí, láti aago mẹ́fà àárọ̀ di aago mọ́kànlá. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ á mù ún dé itan, oòrùn á máa yan án lórí, òun á sì máa retí ẹja tí kò bá a ṣe àdéhùn. Ẹja mà wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Humble. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti gé e, wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí yìnyín. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò wù ú, nítorí kò sí ewu kankan nínú rẹ̀.

Ǹ bá fara dà á ká ní òun nìkan ni. Àgbàlagbà ni, bí ó bá fẹ́ kí akàn já òun ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gba ọlidé ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọ wa kan ṣoṣo, ọmọbìnrin ọdún méjìlá àti oṣù mẹ́rin, wá bá mi ní ìdáná, ó ní òun náà fẹ́ pẹja. Kò fẹ́ dúró létí omi. Kò fẹ́ jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ọ̀sà lọ, kí ó di ọ̀pá ìwọ̀ tirẹ̀ mú.

Mi ò kàn sọ pé rárá. Ní daycare, níbi tí mo ti ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, bí eyín ọmọ kan bá kan ọwọ́ ọmọ kejì, fọ́ọ̀mù là ń kọ: aago mélòó, apá ọ̀tún ni tàbí ti òsì, ta ló wà níbẹ̀, kí ni a fi sí i. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọ ọ́. Nítorí náà mo mú bíìrò, mo kọ gbogbo ohun tí ó lè ṣe ọmọ mi léṣe nínú ọ̀sà sílẹ̀. Mọ́kànlélógún ni. Mànàmáná wà níbẹ̀, àkùràkùdà wà níbẹ̀, àti kòkòrò tí ń gba ojú egbò wọlé láti jẹ ẹran ara. Ẹ̀kẹrin ni ẹja pẹlẹbẹ kan tí ń fi iyanrìn bora sùn nísàlẹ̀ omi, tí ẹ̀gún olóró wà ní ìrù rẹ̀. Bí ènìyàn bá gbẹ́sẹ̀ lé e, á gún un.

Ọkọ mi ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀.

“O gbàgbé kan,” ó ní. “Egungun ẹja lè há a lọ́fun bó bá ń jẹ ẹ́.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi kún un. Ó di méjìlélógún.

Àdéhùn wa ni pé bí èyíkéyìí nínú ohun tí mo kọ bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, ìpẹja ti parí fún un títí yóò fi wọ yunifásítì. Ọmọ náà ní òun gbà. Ó tilẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́ lé e lórí, bí lọ́yà.

Ẹni tí ó kọ́ ọkọ mi ní ìpẹja ni bàbá kan tí ó wá kàwé síbí kí wọ́n tó bí mi, tí ó sì ṣe ẹnjiníà ní Clear Lake títí ó fi fẹ̀yìntì. Ó bá wọn ṣe ẹ̀rọ tí ń lọ sójú ọ̀run. Nísinsìnyí, ọgbọ́n tó kù, edé ló ń fi í há sẹ́nu ìwọ̀. Bàbá yìí ló kọ́ ọmọ mi bí a ṣe ń rìn nínú ọ̀sà.

“Má gbé ẹsẹ̀ o. Wọ́ ọ nílẹ̀, bí ẹni tí bàtà rẹ̀ tóbi jù. Ẹja pẹlẹbẹ yẹn á gbúròó ẹ, á sá. Ìwọ ṣáà ti gbé ẹsẹ̀, o ti tẹ̀ ẹ́ lórí nìyẹn.”

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ọmọ náà fi wọ́ ẹsẹ̀ láti pálọ̀ dé ìdáná. Èmi ni mò ń wò ó. Bí ó bá gbé gìgísẹ̀ pẹ́nrẹ́n, mo ní kí ó padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti pálọ̀.

Ní Sátidé náà, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a dé etí ọ̀sà. Àwọn mẹ́ta, ọkọ mi, ọmọ mi àti bàbá, wọ omi, èmi jókòó sórí àga lábẹ́ agbòòrùn pẹ̀lú àpótí mi: báńdéèjì, sísọ́ọ̀sì, fèrè, àti fláàsìkì ńlá méjì tí ó kún fún omi gbígbóná, nítorí mo ti kà á pé omi gbígbóná ń pa oró ẹja yẹn. Òyìnbó kan tí ń kọjá wo àpótí náà, ó bi mí bóyá èmi ni ìjọba ní kí n máa ṣọ́ etí omi. Mo ní rárá o, ẹnì kan péré ni mò ń ṣọ́.

Kò pẹ́ tí ìwọ̀ ọmọ mi fi gbé ẹja. Trọ́ọ̀tì ni, onítótòtó lẹ́yìn, kò ju apá mi lọ. Igbe ayọ̀ tí ó ké, mo ti mú fèrè kí n tó rí i pé ẹ̀rín ni. Bàbá bá a yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja, ó nà án sí i.

“Ìyá ẹlẹ́ja! Gbà, tìẹ nìyí.”

Ọmọ mi na ọwọ́ òsì. Ó dúró ṣánṣán bí òpó iná, ọ̀pá ìwọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó wá na ọwọ́ òsì sí ẹni tí ó lé ní àádọ́rin ọdún.

Ewu méjìlélógún wà nínú omi yẹn, mi ò rí ọ̀kan nínú wọn mọ́. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo rí.

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà nìyẹn?” Ohùn mi máa ń lọ jìnnà lórí omi. “Àbí mi ò kọ́ ẹ nílé?”

“Fi í sílẹ̀ jàre,” ni bàbá ń wí, “inú omi la wà!”

Ó ti pẹ́ jù. Omi kò ju orúnkún lọ níbi tí wọ́n dúró sí. Ọmọ mi gbé ọ̀pá sí ọwọ́ òsì, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó sì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, wọ̀ọ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ́ ọ láti ọmọ ọdún méjì.

Igbe kejì kì í ṣe ti ayọ̀.

Ọkọ mi gbé e jáde. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ orúnkún ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀. Mi ò pariwo mọ́, mo ti lo èyí tí mo ní. Mo fi ọrùn ọwọ́ mi wo omi fláàsìkì kí ó má bàa bó o, mo dà á sínú ike, mo ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀ ọ́. Ọkọ mi ń ṣí fláàsìkì kejì.

“Èmi ni mo fà á,” ni bàbá ń sọ, ẹja ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ǹ bá ti jù ú sínú ike.”

“Ẹ̀yin ò ṣe nǹkan kan, sà.”

Ọmọ náà gbé ojú tó kún fún omijé sókè. “Mọ́mì, ṣé mo kúnlẹ̀ dáadáa?”

Mi ò mọ̀ títí di òní bóyá ó ń bi mí ni tàbí ó ń bú mi.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fún mi ní fọ́ọ̀mù. Báwo ni ó ṣe ṣẹlẹ̀? Ọ̀rọ̀ wà tí mo lè kọ: ó yọ̀ ṣubú. Kò sẹ́ni tí yóò wádìí rẹ̀.

“Ṣé ó ṣubú ni?” nọ́ọ̀sì náà béèrè.

“Rárá. Ó kúnlẹ̀.”

“Nínú omi? Ṣé ó ń gbàdúrà ni?”

“Ó ń gba ẹja.”

Nọ́ọ̀sì wo ọkọ mi. Ọkọ mi ń wo àjà.

Mo kọ ọ́ bó ṣe rí. Ìyá rẹ̀ pariwo mọ́ ọn láti etí omi pé kí ó gba ẹja lọ́wọ́ àgbà bí ọmọ tí a kọ́. Ó kúnlẹ̀ lé ẹja olóró. Mo kọ aago, mo kọ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí ó wà níbẹ̀, orúkọ tèmi ni mo kọ́kọ́ kọ.

Ọmọ mi na ọrùn láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Kì í ṣe omi ló ṣe é nìyẹn.”

“Ẹ̀kẹrin inú ìwé wa ló ṣe é,” mo ní. “A sì jọ ṣe àdéhùn.”

“Ẹ kọ pé bí ènìyàn bá gbẹ́sẹ̀ lé e. Mi ò gbẹ́sẹ̀ lé e, Mọ́mì. Mi ò gbé ẹsẹ̀ rárá.”

Òótọ́ ni. Ibi tí mo bá a jà dé lórí gìgísẹ̀ yẹn, mo mọ̀ pé kò gbé ẹsẹ̀.

Dókítà wọlé. Ẹ́síréè kò rí ẹ̀gún kankan nínú ẹran ara. Ó ní kí omi iyọ̀ má kàn án fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

“Nǹkan bí?” mo ní. “Ọjọ́ mélòó gan-an kó tó lè padà wọ omi?”

Ọkọ mi yí ọrùn wò mí. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní mẹ́rìnlá. Mo ní kí ó bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, mẹ́rìnlá, kí ó sì bu ọwọ́ lù ú.

Ọmọ mi ti ń fi ìka ka ọjọ́. Nígbà tí ìka tirẹ̀ tán, ó fa ọwọ́ mi, ó ka mẹ́rin tó kù lórí rẹ̀.