Orúkọ Àbúrò ni Mo Fi Bá Amẹ́ríkà Jiyàn

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ẹni tó bá fẹ́ bá ará Amẹ́ríkà jiyàn ní láti náwó. Ìwé ìròyìn wọn tó ń dé ṣọ́ọ̀bù ìwé ọgbà wa, owó oúnjẹ ọjọ́ kan gbáko ni, bẹ́ẹ̀ àádọ́ta kọ́bọ̀ ló ń bọ́ wa láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Bí o bá kà á tí inú bí ọ, o tún máa ra bébà, àpò ìwé àti sítáǹbù, kí o tó wá jókòó máa retí èsì. Ìbínú á ti tán kí èsì tó dé. Lóde òní, wọ́n ní ife tíì oníwàrà tí mo ń rà ní dírámù kan ní àdúgbò Al Taawun ti wọ́n sí i, owó ilé ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, kò sì ṣeé gbọ́ sétí mọ́. Àríyànjiyàn nìkan ló di ọ̀fẹ́.

Mẹ́rin ni wá nínú ilé tí a jọ ń gbé ní Sharjah nígbà náà. Alhájì ń ra ọjà ní Deira ní Dubai, ó ń kó o ránṣẹ́ sí Èkó. Pásítọ̀ ń ṣọ́ ilé gogoro kan ní Dubai, ó sì ń wàásù níbikíbi tí wọ́n bá ti gbà á láyè. Ẹni tó kéré jù láàárín wa, tí a ń pè ní àbúrò, jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló bímọ sí, àbúrò kò sì tíì gbé ọmọ náà rí. Èmi ni àgbà ilé, mo ń tọ́jú ilé ẹrù fún ilé iṣẹ́ kan. Nítorí pé mo ti kọ́ nípa ìjọba Amẹ́ríkà nígbà èwe mi, mo gbà pé èmi ni adájọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ibẹ̀ wá.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsinmi nígbà náà. Alhájì á ti mọ́ṣáláṣí dé, pásítọ̀ náà á ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, nítorí ọjọ́ kan náà ni gbogbo wa ń jọ́sìn. Bí a bá ti jẹun tán, Amẹ́ríkà yá. Mo rántí ọjọ́ tí Alhájì fárígá pé òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, kí igbó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan, kí wọ́n sì máa tà á ní ṣọ́ọ̀bù ní ìpínlẹ̀ kejì.

Pásítọ̀ dá a lóhùn pé, “Alhájì, ìgo ọtí tí wọ́n ń tà ní hòtẹ́ẹ̀lì Dubai, ṣé ẹ lè gbé e wọ Sharjah níbí?”

“Astaghfirullah! Ta ló fẹ́ gbé ìgo?”

“Mo kàn bi yín ni o. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó wà nínú kágò yín.”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ mi kógbá sílé. Físà mi parẹ́, Emirates ID mi, káàdì ìdánimọ̀ ibẹ̀, kú, wọ́n sì gé láìnì fóònù mi. Àbúrò ló mú láìnì àtijọ́ kan jáde, èyí tó wà lórúkọ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lo èyí ná, kí ọ̀nà tó là.” Nígbà tí mo fi í sínú fóònù mi, tí mo fi nọ́ńbà náà wọ orí ìńtánẹ́ẹ̀tì, ojú-ewé àbúrò kan tó ti gbàgbé ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Ó yẹ kí n jáde níbẹ̀. N kò jáde. Iṣẹ́ kò sí, ẹnu sì ń yún mi. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà fa ọ̀rọ̀ ìbọn, owó ilé ìwòsàn àti ẹ̀rọ tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Mo ṣàkíyèsí pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àwòrán náà. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé, “Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì.”

Ó tó ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà kí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí àbúrò fẹ́ ṣe fún físà Amẹ́ríkà tó sún mọ́. Ní Jímọ̀ kan, ó gbé kọ̀ǹpútà wá sáàárín wa. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè gbogbo ojú-ewé tí ó ti lò lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì láti ọdún márùn-ún.

Alhájì ní, “Ṣé wọ́n fẹ́ mọ ohun tí èèyàn jẹ lánàá ni?”

Pásítọ̀ ní, “Ilé wọn ni. Onílé ló ń béèrè orúkọ àlejò.”

Àbúrò rẹ́rìn-ín. “Èmi ò lẹ́jọ́ o. Ìrẹsì àti àwòrán ọmọ mi nìkan ló wà lójú-ewé tèmi.”

Mo dìde, mo wọ balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, àtàǹpàkò mi sì wà lórí ibi tí wọ́n ti ń pa nǹkan rẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo ti ń pariwo fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́ pé lójú òfin Amẹ́ríkà, irọ́ inú fọ́ọ̀mù burú ju èébú lọ, àti pé ohun tí a pa rẹ́ kì í parẹ́ tán. Mo gbọ́ tí àbúrò ń sọ níta pé, “Ó ku kí n fọwọ́ sí i.”

Mo jáde. Mo ní, “Àbúrò, dúró ná.”

Mo na ojú-ewé náà sí wọn lórí fóònù. Alhájì gbà á, ó ń kà á sókè. “‘Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì…’ Habibi, ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ò lè wo ìka tó gé!” Ó ń rẹ́rìn-ín lọ, títí ó fi kan ibi tí mo ti kọ ọ́ pé bí Amẹ́ríkà bá fún mi ní físà lọ́fẹ̀ẹ́, màá fi nu ọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Kò parí rẹ̀. Ó rọra gbé fóònù sílẹ̀.

Àbúrò ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ kọ èyí?”

“Ní ọdún tó kọjá.”

“Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nígbà yẹn.”

Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó wọ yàrá rẹ̀. Alhájì ní kí a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, khalas, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Pásítọ̀ kọ̀. Àwọn àgbà ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi jẹ tèmi tán, ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ ru igbá.

Nígbà tí àbúrò jáde, ó ní òun á kọ òtítọ́ sínú fọ́ọ̀mù náà. Èmi jókòó láti kọ lẹ́tà pé èmi ni mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ. Pásítọ̀ kà á, ó mi orí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ń jiyàn.” A gé e kù sí ìlà mẹ́fà, mo so ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù mi mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ àbúrò ní ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí ó lọ máa retí. Oṣù mẹ́jọ ló fi retí. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti tèmi, mo sì ń gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń sọ pé ọmọ ti ń pe gbogbo fóònù tó bá rí ní Dádì. Kò sọ̀rọ̀ burúkú sí mi rí. Àárọ̀ ni, ó ń dọ̀bálẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni, ó ń bu oúnjẹ fún mi. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀, bí a bá jẹun tán, kálukú á gba yàrá rẹ̀ lọ.

Físà náà jáde níkẹyìn. Ní àárọ̀ tí ó ń lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó dàbọ̀,” ó sì wọ́ àpótí rẹ̀ lọ síbi ẹ̀rọ agbéniròkè. Mo dúró títí ilẹ̀kùn rẹ̀ fi pa dé.

Mo ti padà wá sí ilẹ̀ wa báyìí. Alhájì ti kú, Èkó ni wọ́n sin ín sí. Pásítọ̀ wà láàyè, ó ti kó lọ sí Muhaisnah ní Dubai, ó sì máa ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí mi. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ pé àbúrò wà láàyè, ìyàwó rẹ̀ wà láàyè, ọmọ náà sì ti wọ ilé-ìwé. Ó fún mi ní nọ́ńbà wọn. Èmi náà wà láàyè, mo sì máa ń ṣí nọ́ńbà náà wò. N kò tíì pè é.