Ọjọ́ Tí Mo Mi Àgbá Ọtí Mummy

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyẹn ní bí ọdún méje sẹ́yìn, tí mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún tí mo sì rò pé mo ti dàgbà tán, mo ń ṣiṣẹ́ ní pub kan, ilé ọtí òyìnbó, ní àdúgbò Beltline nílùú òyìnbó níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kì í jókòó kó máa sọ pé "láyé ìgbà tiwa." Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àbúrò mi ní Saddle Ridge, tó jẹ́ pé phone ló ń gbé ọtí wá bá yín nílé, ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ pub. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àgbà fún yín díẹ̀. Orúnkún mi ò tíì máa dùn mí, àmọ́ ẹ̀yìn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Engineering ni wọ́n ní kí n lọ kà. Semester mẹ́ta ni èmi àti calculus fi ń wo ara wa bí tọkọtaya tó ń jà, nígbà tó yá, èmi ni mo kó ẹrù mi jáde. Àwọn òbí mi ò pariwo. Ohun tó burú ju ariwo lọ ni wọ́n ṣe: wọ́n fi orúkọ mi sínú àdúrà church. Àárín àwọn tó ń wá PR, ìwé ìgbélùú, àti àwọn tó ń wá ọkọ ni wọ́n tò mí sí. Bí pastor bá ti dé orí orúkọ mi, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná.

Ìyá òyìnbó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló ni pub yẹn, yàrá rẹ̀ sì wà lókè rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹnu mi ò gbà á. Ẹni tó ju ìyá tó bí mi lọ, kí n máa pe orúkọ rẹ̀ gbalaja bí ẹni pé a jọ ṣe primary school? Mo ní, "Mummy." Ó wò mí bíi pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan. Kò pé oṣù kan tí gbogbo pub fi ń pè é ní Mummy, títí kan bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ train wíwà, tó ju Mummy fúnra rẹ̀ lọ.

Ọtí ibẹ̀ kì í ṣe ti inú agolo. Inú àgbá ló ti ń wá, ó sì ṣì wà láàyè, torí ìwúkàrà ò tíì kúrò nínú rẹ̀. A kì í fẹ́ gáàsì sí i. A máa gbé e lé orí ìjókòó igi rẹ̀ lẹ́yìn counter, a máa fi aṣọ tútù bò ó, a máa fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sùn sísàlẹ̀. Tó bá di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Friday, Mummy á fi òòlù onígi gbá tap wọnú rẹ̀, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Cider náà ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi èso apple ṣe, nínú àgbá kékeré. Bí àgbá bá ti ṣí báyìí, ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin ló ní. Bí àwọn èèyàn ò bá wá mu ún, á kan. Agolo lè dúró dè ọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀. Àgbá ò lè dúró de ẹnikẹ́ni. Àwùjọ ló ń mú un wà láàyè.

Mummy ló ni pub, ṣùgbọ́n ilé tó háyà ni; lọ́dún yẹn ni onílé ta ilé náà. Ẹni tó rà á, ẹ ò ní gbà á gbọ́: ẹ̀gbọ́n kan ní church wa ni, engineer nílé iṣẹ́ epo, tó ń gbé ní New Brighton. Daycare, ilé ìtọ́jú ọmọdé, ló fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n onísùúrù èèyàn ni. Ó ní kí òun tó lé ẹnikẹ́ni, òun á kọ́kọ́ wá fojú ara òun rí i ní Friday. Mummy nu tábìlì kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò lọ́mọ, kò níbòmíràn, ibi tó wà yẹn náà ni ayé rẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n mi wọ̀ ọ́ nìyẹn. Àgbo ni ìyá àgbà mi ní Abẹ́òkúta fi wò mí dàgbà kí á tó kó wá síbí. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá mu àgbo láì mi ìgò, omi lásán ló mu, torí ìsàlẹ̀ lagbára wà. Láàárọ̀ Friday yẹn, èmi nìkan nínú pub, mo wá wo àgbá ọtí, mo rò ó: lónìí tí àlejò ńlá ń bọ̀, ṣé ìsàlẹ̀ àgbá la máa fi gbogbo agbára ọtí yìí sí? Lóòótọ́, Mummy ti ní kí n má fọwọ́ kàn án. Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe òyìnbó. Mo dì mọ́ àgbá yẹn bí ọkọ ìyàwó, mo mì í, mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, títí òógùn fi bò mí. Mo dá a padà sípò rẹ̀, mo fi aṣọ bò ó, mo sì gbóríyìn fún ara mi.

Agogo mẹ́rin kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa wọlé pẹ̀lú kóòtù tó dára ju gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ.

"Háà! Ìwọ kọ́ ni ọmọ Deacon? A mà ń gbàdúrà fún ẹ!"

"Ẹ ṣé, sà. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀."

Mummy gbé òòlù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbá a. Ọtí yẹn fọ́n jáde bí omi páìpù tó bẹ́, ó kan àjà, ó sì balẹ̀ sórí kóòtù ẹ̀gbọ́n wa. Ìyókù tó wá sínú ife dàbí àgbàrá òjò. Mummy wo àgbá, ó wò mí, ojú mi ti sọ gbogbo rẹ̀. Ó wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n wa, ó ní ẹ̀bi òun ni, pé ọjọ́ orí ti ń dé, òun ò gbé e kalẹ̀ dáadáa. Mo rí bí ẹ̀gbọ́n ṣe mi orí, bí ẹni tó ti rí ìdí tó ń wá láti lé e. Ara mi ò gbà á.

"Èmi ni, sà."

"Kí lo ṣe?"

"Mo mi àgbá yẹn, sà."

"O mì í? Kí ló dé?"

"Kí agbára rẹ̀ lè kárí, sà."

Ó dúró tí ìfófòó ṣì wà lójú rẹ̀. "Ṣé jẹ̀díjẹ̀dí lo fẹ́ wò fún wọn ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ọtí yẹn níbẹ̀, pẹ̀lú sòkòtò kan ṣoṣo tí mo ní tó dára. Mo ní kó fún wa ní ọjọ́ méjì, ọtí á tòrò. Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Sunday, lẹ́yìn church. Tí mo bá bá èèyàn níbí, a máa sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ àga lásán ni mo bá, kí Mummy yín jọ̀ọ́ má bínú sí mi."

Ní Saturday, snow dé orúnkún. Mo ń lọ láti ilé gbígbé condo kan sí ìkejì, mo ń kan ilẹ̀kùn gbogbo oníbàárà tí mo mọ̀. Ohun kan náà ni mò ń sọ: "Èmi ni òmùgọ̀ tó mi ọtí Mummy. Ẹ dákun, ẹ wá ní Sunday." Bàbá onítrain rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ ilé wa ní Saddle Ridge, tí kò wọ pub rí láyé rẹ̀.

"Pub kẹ̀? Ṣé ẹ máa ní malt?"

"Cider wà, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ṣáà wá wò ó."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó ra ilé dé lọ́jọ́ Sunday, kò ríbi jókòó. Ọtí ti tòrò, ó mọ́ gaara bí tíì tí kò ní mílíìkì. Àwọn kan ò tiẹ̀ wá mu nǹkan kan, wọ́n wá wo ojú òmùgọ̀ ni, mo sì fi ojú náà hàn wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ọ̀sì wa mú gbogbo ọmọ ìjọ tó bá a wọ train dání. Bàbá onítrain sún fún ẹ̀gbọ́n, ó sì ń ròyìn bí òun ṣe wa train la yìnyín kọjá. Ginger ale ni ẹ̀gbọ́n mu. Ó fi bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ sílẹ̀ ní dídì fún bí ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà ó tú u, lẹ́yìn náà ó bọ́ ọ, ó fi kọ́ ara ògiri. Ó yíjú sí mi.

"Daycare ni mo fẹ́ ṣí níbí. Àṣé ẹnì kan ti ṣí i ṣáájú mi. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kàn ti hu irùngbọ̀n ni."

Ó fún Mummy ní ọdún mẹ́wàá sí i nínú ilé náà.

Ayé ti yí padà o. Pub mẹ́ta tó wà nítòsí wa ti kógbá sílé: ọ̀kan ti di condo, ọ̀kan di ibi tí wọ́n ti ń tún phone ṣe, ìkẹta ṣì ṣófo. Mummy ò lè gbé òòlù mọ́, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń jókòó sí, èmi tí mo mi àgbá nígbà yẹn ni mò ń gbá tap báyìí. Mi ò bá yín jà lórí agolo yín. Ẹni tó gbé e wá á gbé nylon sínú snow, á ya fọ́tò rẹ̀, á sì máa lọ. Kò mọ̀ bóyá ẹ wà nílé, kò sì kàn án.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá onítrain ò wá ní Friday kan. Kí agogo márùn-ún tó lù, èèyàn méjì ti gbé ife wọn sílẹ̀, wọ́n ti lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n bá a nílẹ̀ nínú bathroom, kò lè dìde, láti àárọ̀. Ó ti gbádùn báyìí, ó ń gbó wa lẹ́nu.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ọjọ́ tí ẹ ò bá jáde, ta ló máa gbé ife tirẹ̀ sílẹ̀?