Òkú Àlàájì Àmínù Rájí Ń Dúró De Òyìnbó

Àlàájì Àmínù Rájí kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nílé rẹ̀ lẹ́yìn Ọjà Ọba, ní Òṣogbo. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, Sikirat ọmọ rẹ̀ ti ra aṣọ funfun, wọ́n ti ń gbẹ́ sàréè, àfáà sì ti ń bọ̀ wá wẹ òkú. Mùsùlùmí ni bàbá. Òkú wọn kì í dúró di ọjọ́ kejì. Òní ló pé ọjọ́ kejìdínlógójì, bàbá ṣì wà nínú yìnyín ní mọ́ṣúárì.

Ta ló gbé e lọ síbẹ̀? Àwọn tó ní àwọn fẹ́ bọlá fún un ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, tí ẹ tún ń fi wọ́n ta tẹ́tẹ́, ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ Òṣogbo kan ti ń gbá a níbẹ̀ lọ́dún 1958? Ẹsẹ̀ lásán ló fi kọ́ ọ nílé, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe ọ̀gá lé wa lórí. Nígbà tí mo lọ kí i lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ní wọn kì í pe òun ní Àmínù níbẹ̀. Wọ́n ní ó le jù lẹ́nu, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Sámì. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀, èrò ìwòran á máa dún bí ọ̀bọ. Ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Kòtò omi ńlá kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe ni gbogbo ẹgbẹ́ jọ máa ń wẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìdíje. Wọ́n ní kí ó dúró títí àwọn yòókù á fi wẹ̀ tán. Odidi ọdún mẹ́rin ló fi ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára.

“Wọ́n ń fi rélùwéè kó kòkó wa lọ, ẹnu wọn ò kọ̀ ọ́,” bàbá wí. “Èmi tí mo ti ibi tí kòkó ti wá wá ni ara wọn kọ̀. Mo ti dúró de òyìnbó tó láyé mi. Tí mo bá kú, ẹ má jẹ́ kí n dúró de ẹnikẹ́ni.”

Sikirat wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

Láàárọ̀ tó kú, kí omi tó kàn án lára, mọ́tò ìjọba dé. Àwọn kan tó ń jẹ́ Ìgbìmọ̀ Ẹ̀yẹ Àgbà Eléré ló wà nínú rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí bàbá ń fi ọ̀pá rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọn ò mọ ilé rẹ̀. Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Wọ́n ní akọni ni, ìjọba ni yóò sin ín, ọ̀sẹ̀ kan péré ni òkú máa fi dúró. Àwọn àgbà ilé rò pé ẹ̀yẹ ni, wọ́n gbà. Sikirat ò gbà, ṣùgbọ́n ta ló bi í?

Ará Òṣú ni mí, Ìjẹ̀ṣà, Kìrìsìtẹ́nì. Tiwa, a lè gbé òkú sí mọ́ṣúárì fún oṣù méjì nítorí ká lè kun ilé. Bó bá jẹ́ èmi ni alága ìgbìmọ̀ yìí, ẹ lè ní n ò mọ̀. Àmọ́ alága náà fúnra rẹ̀, Àlàájì ni. Ó ti dé Mẹ́kà, ó sì mọ ohun tó ń ṣe.

Kí ni wọ́n wá ń dúró dè? Sikirat lọ bi wọ́n ní ọ́físì wọn ní Alekuwodo. Akọ̀wé wọn, Ọ̀gbẹ́ni Béjidé, ṣàlàyé pé àwọn ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tí bàbá gbá bọ́ọ̀lù fún, kí wọ́n rán òyìnbó kan wá sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú. Ó ní láìsí òyìnbó, ètò náà ò ní níyì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Àwọn tí kò jẹ́ kó bá wọn wẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá jẹ́rìí pé èèyàn gidi ni, kí àwa tó lè wẹ òkú rẹ̀. Òmìnira wo la gbà? Inú bí mi débi pé n ò lè jẹun lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ. Òyìnbó tó dá a dúró nígbà náà, a mọ̀ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Kí ni ká máa pe ẹ̀yin?

Mo ti pe ọ́físì náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Mọ́ṣúárì ní àwọn ò lè gbé òkú sílẹ̀ láìsí ìwé ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ ní alága rìnrìn àjò. Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sọ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi gbé bàbá síbẹ̀.

Alága, ẹ fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ náà lónìí, ibi yòówù tí ẹ wà. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n gbé òkú Mùsùlùmí sínú yìnyín, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síta, kí gbogbo Òṣogbo rí i. Kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ ara yín lọ tọrọ àforíjì nílé bàbá. Bí ẹ ò bá ṣe é, Sikirat ti sọ tirẹ̀ fún Béjidé, ó sì ní kí n kọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́:

“Jímọ́ọ̀ yìí, lẹ́yìn àsúbà, à ń bọ̀ wá gbé bàbá wa. Tí òyìnbó yín bá dé, ẹ fún un ní àga. Bàbá mi á ti wọlẹ̀.”