Ariwo Tó Ń Dún Bí A Bá Yà Sọ́tùn-ún

Bí mọ́tò náà bá ń lọ tààrà, kì í dún rárá. Ìgbà tí ọkọ mi bá yà sọ́wọ́ ọ̀tún ni a máa ń gbọ́ ọ: kùrùrù, bí ẹni ń fi irin ha irin nínú ihò. Àwọn ọmọ wa tó ń jókòó sẹ́yìn sọ ọ́ di eré. Bí a bá ti sún mọ́ kọ́nà, wọn á dákẹ́ dúró dè é, bó bá sì ti dún, wọn á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà a máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ ni èmi àti ọkọ mi nílùú Òmù-Àrán nígbà náà. Àwọn tó ṣáájú wa nídìí iṣẹ́ ra mọ́tò tuntun nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ìgbà tó fi máa kàn wá, owó oṣù gan-an ti di ohun tí à ń fi àdúrà retí. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò ọkọ mi wa mọ́tò tòkunbọ̀ funfun kan wá láti Èkó, tó ní òun bá wa rà á lọ́pọ̀, ṣe ni mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín agbolé. Mo máa ń jí fọ mọ́tò yẹn fúnra mi kí n tó lọ síléèwé. Mo rò pé bó bá ṣáà ti ń dán, gbogbo ayé á mọ̀ pé àwa náà ti dé ibi kan.

Mẹkáníìkì wa kọ́kọ́ ní bẹ́ríìnì táyà iwájú ló ti jẹ. A pààrọ̀ rẹ̀, ariwo kò lọ. Ó tún ní bóyá táyà ló ń ha mọ́gádì tó bò ó lórí. Ó fi òòlù lu mọ́gádì náà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń yà sí Ìsánlú-Ìsin ni ariwo ti tún pàdé wa. Níkẹyìn ó fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò sókè, ó fi ọwọ́ yí táyà méjèèjì, wọ́n ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìdún. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

“Sà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ táyà ló ti ń wá. Ẹ jẹ́ ká wà á lórí pápá, kí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn, kó máa tẹ́tí.”

Èmi ni mo jókòó sẹ́yìn. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ẹrẹ̀ pupa kún bàtà mi, ni mo bá bọ́ ọ kí kápẹ́ẹ̀tì má baà dọ̀tí. Ọkọ mi ń wà á yí pápá ìṣeré iléèwé wa ká, ó ń yà sọ́tùn-ún ṣáá, mẹkáníìkì jókòó tì í níwájú. Lójijì ni nǹkan rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Gìgísẹ̀ mi dúró sójú kan, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ń lọ, bíi pé pákó méjì ni mo tẹ̀, tí ẹnì kan sì ń fa ọ̀kan kúrò.

Mo pariwo: “Ẹ dúró! Ẹ dúró, ilẹ̀ mọ́tò ń rìn!”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bọ́ sílẹ̀, ó sì ká kápẹ́ẹ̀tì náà kúrò. Irin tí wọ́n fi iná jó pọ̀ ló wà níbẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ìjókòó iwájú kọjá láti ilẹ̀kùn kan dé ìkejì, ó rí gbágungbàgun bí ojú àpá. Apá iwájú funfun, apá ẹ̀yìn jẹ́ àwọ̀ ewé. Láàárín méjèèjì, níbi tó ti là, mo rí koríko pápá.

“Mọ́tò méjì lèyí, Mà,” ni mẹkáníìkì wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Ọ̀kan fọ́ níwájú, ìkejì fọ́ lẹ́yìn. Wọ́n gé ibi tó dára lára wọn, wọ́n jó o pọ̀, wọ́n wá kùn ún lọ́dà kan. Ó sì ti ń já. Ta ló tà á fún yín?”

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ojú àpá irin náà. Èmi jókòó sínú ẹrẹ̀ tèmi taṣọ iṣẹ́ mi. Ọjọọjọ́ Sátidé ni a máa ń kó àwọn ọmọ wa lọ kí ìyá ọkọ mi ní Òkè-Ọdẹ, lójú ọ̀nà tí àgbàrá ti jẹ, wọn á sì to ẹsẹ̀ wọn sórí kápẹ́ẹ̀tì yẹn, wọn á máa retí kọ́nà.

Mo sọ fún ọkọ mi pé kí a má tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Wọ́n lè ti lu àbúrò rẹ̀ ní jìbìtì lọ́hùn-ún. Ó gbà. A rọra wa mọ́tò náà délé, a gbé e síwájú ilé, a kò sọ fún ẹnì kankan.

Nígbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, àbúrò rẹ̀ bá mọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá láti Èkó. Ìyá wọn náà ti wà lọ́dọ̀ wa. Bí a ṣe jẹun tán, ọkọ mi na kọ́kọ́rọ́ sí i.

“Bá mi gbé Màmá dé Ìlọrin lọ́la. Dókítà fẹ́ wo ojú wọn.”

“Mọ́tò wo?”

“Èyí tí o rà fún wa.”

Ó yára fa ọwọ́ sẹ́yìn. “Rárá o, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ má jẹ́ kí Màmá wọ mọ́tò yẹn!”

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó wo ọkọ mi, ó wò mí, ó sì sọ ojú sílẹ̀. Ìyá wọn, tí kò ríran dáadáa mọ́, yí orí sí ibi tí ohùn ti wá. “Kí ló ṣe mọ́tò náà?” ni wọ́n béèrè. A ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ mi níta. Ọkọ mi dìde, ó jáde.

A tú mọ́tò náà tà fún àwọn tó ń ra irin, a sì padà sí wíwọ bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àbúrò ọkọ mi wá bẹ̀bẹ̀, a sì dárí jì í, bí ẹbí ṣe máa ń ṣe. Ó ṣì máa ń wá. Mo máa ń bu oúnjẹ fún un. Àwọn ọmọ ti dàgbà, kálukú ti wà nílé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí mo bá dá jókòó, mo ń rántí bó ti yára pariwo nítorí ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi náà ń pè é ní bàbá, ó sì máa ń gbé wọn kọ́ èjìká. Ibi tó fi àwọn ọmọ náà sí nínú ọkàn rẹ̀, lọ́jọ́ tó wa mọ́tò náà dé ẹnu ọ̀nà wa, ni n kò tíì mọ̀ dòní.