Bí Bàbá Àgbà Ṣe Kí Àwọn Tó Fẹ́ Kọ́ Pápá Bésíbọ́ọ̀lù

Ilé tí wọ́n ti ń lẹ táyà mọ́tò tẹ́lẹ̀ rí ni ìjọ wa fi ń ṣe ilé àdúrà ní Houston nígbà náà. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, a kì í wọ bàtà wọlé Ọlọ́run, ilẹ̀ ilé náà sì dúdú fún ọ́ìlì bí ìdí ìkòkò. Àwa obìnrin la kúnlẹ̀ tì í. A fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ láti ìgbà òtútù títí ooru fi dé, títí sútánà mi fi lè gbálẹ̀ níbẹ̀ láìní àbàwọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ilé tí a háyà lásán ni.

Lọ́dún tí epo rọ̀bì kò lówó lórí mọ́, tí wọ́n ń dá àwọn èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní Pasadena àti Baytown lẹ́bàá Houston, ni ọ̀rọ̀ pápá bésíbọ́ọ̀lù tuntun bẹ́ sílẹ̀. Bésíbọ́ọ̀lù ni eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré, tí wọ́n á sì sáré yípo. Ọlọ́lá tó ni ẹgbẹ́ tó ń gbá a ní Houston sọ pé pápá àtijọ́ kò wu òun mọ́. Bí káúntì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ò bá kọ́ tuntun, òun á kó àwọn agbábọ́ọ̀lù òun lọ sí ìlú mìíràn. Jìnnìjìnnì bo àwọn olóṣèlú. Wọ́n ní kí káúntì lọ yáwó, kí wọ́n máa fi owó orí òtẹ́ẹ̀lì san án díẹ̀díẹ̀. Mo bi ọkọ mi pé irú olówó wo ló ń ní kí mẹ̀kúnnù bá òun kọ́lé.

Ó ní, “Politics ni, ìyàwó mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn.”

Ó tilẹ̀ ń retí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dá dúró á ríṣẹ́ níbẹ̀. Mi ò bá a jiyàn, àfìgbà tí ìwé ìròyìn gbé àwòrán ibẹ̀ jáde. Àdúgbò wa ni wọ́n fẹ́ wó kí àwọn òǹwòran lè ríbi gbọ́kọ̀ sí, ilẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ fọ̀ sì wà láàárín rẹ̀ gan-an. Onílé wa ní òun ò lè bá ìjọba jà.

Káúntì pe ìpàdé kí ará ìlú wá sọ tẹnu wọn kí ìgbìmọ̀ tó dìbò. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbẹnu sọ fún ìjọ wa, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú sì ni wọ́n fún un. Ẹnjiníà wà nínú wa, nọ́ọ̀sì wà, èmi náà sì ti ro ọ̀rọ̀ mi jinná. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wà níbi tí àgbà wà, kó ní òun lòun máa sọ̀rọ̀? Bàbá Àgbà, olùṣọ́ àgùntàn wa, ló bọ́ síwájú nínú sútánà wọn.

Gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú ló ń pariwo. Àwọn kan ní bí ẹgbẹ́ náà bá lọ, ìlú ti kú nìyẹn. Àwọn kan ní ilé ìwé ló yẹ ká ná owó lé lórí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bàbá gba máìkì, wọ́n tẹrí ba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí èèyàn. Wọ́n kí alága kú ìjókòó. Wọ́n kí ìgbìmọ̀ kú iṣẹ́ ìlú. Wọ́n kí akọ̀wé, wọ́n kí ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà kú ìdúró, wọ́n sì ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí òyìnbó lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún bèèrè àwọn ará ilé wọn.

Mo fi ìgúnpá gún ọkọ mi. “Ṣé Bàbá ò ní fi kíkí sílẹ̀ ni? Time ń lọ o!”

“Calm down jàre. Ta ló máa dá àgbà lẹ́nu?”

Agogo dún. Àsìkò ti tán, Bàbá ò sì tíì dárúkọ ilé àdúrà. Inú bí mi sí Bàbá, ó bí mi sí ọkọ mi, ó sì bí mi sí ara mi tí mo jókòó bí ère.

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ náà, òyìnbó arúgbó kan tó dé akẹtẹ̀ àwọn darandaran, ti ń tòògbé tipẹ́. Ó gbé orí sókè. Bí ọmọ ìgbìmọ̀ bá bi èèyàn ní ìbéèrè níbẹ̀, agogo kì í ka ìdáhùn. Ó ní láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó kí àwọn. Kí ni Bàbá tilẹ̀ wá sọ? Mo rò pé ìwàásù ló kù. Bàbá kàn ní, “Ẹ wá wo ilẹ̀ wa,” wọ́n sì padà sáyè wọn.

Arúgbó náà wá lóòótọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọkọ mi ló bá a fa bàtà gàgàrà rẹ̀ bọ́. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lu. Ó rìn yí ilẹ̀ náà ká, ó gbé ẹsẹ̀, ó wo ìdí ìbọ̀sẹ̀, kò rí ìdọ̀tí kankan. Ó bi mí pé ta ló fọ̀ ọ́. Mo ní àwa obìnrin ni. Kò ṣèlérí kankan, olóṣèlú ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n dìbò, nígbà tí oníkálùkù wa wà lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá nìkan ni wọ́n tẹ̀ láago. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà: Bàbá ò sọ fún ẹnì kankan títí a fi pé jọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo ń wo ojú wọn, mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Bàbá dìde, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ kíkí. Wọ́n kí wa kú ooru. Wọ́n kí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru kú àìsùn. Mo ń bẹ Ọlọ́run kí n má pariwo mọ́ àgbà. Bàbá wá kọjú sí àwa tí a fọ ilẹ̀.

“Ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ewu o.”

A kì í kí ẹni tí ewu ṣì ń lé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti bọ́ là ń kí. Ìyá kan lẹ́yìn mi ló dáhùn pé, “Ewu iná kì í pa àwòdì!” gbogbo ilé sì hó yèè. Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀ la gbọ́ pé wọ́n ti sún ibi ìgbọ́kọ̀sí náà lọ sí òdìkejì títì márosẹ̀, níbi tí kò sílé kankan. Wọ́n ṣì ń jà lórí owó pápá fúnra rẹ̀; ìyẹn kàn wọ́n.

Ara tù mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ pẹlẹbẹ nínú aṣọ funfun mi, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ náà. Ó tutù. Bàbá ò tíì kí ẹgbẹ́ akọrin, wọn ò tíì kí àwọn ọmọdé. Mo ní kí Bàbá máa kí wa lọ.