Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́ Bẹ̀rẹ̀ sí Yí Sẹ́yìn

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní físíìsì ní Igbó-Ọrà kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ nípa iná. Mo mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ nǹkan tó há sórí. Mo lè kọ ọ́ sójú pátákó pé iná orí òpó kì í dúró lójú kan, pé ńṣe ló ń lọ tó ń bọ̀, ìgbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo lè sọ pé wáyà mẹ́ta ló ń gbé e wá, pé féèsì ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á kọ ọ́ padà fún mi nígbà ìdánwò, èmi náà á fi bírò pupa fún wọn ní máàkì.

Ìyá mi ló tú àṣírí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀.

Ìgàngán ni ìyá mi ti ń lọ ẹ̀gẹ́ fún àwọn obìnrin tó ń ṣe gàárì. Ẹ̀rọ tó ń mu epo dísẹ́ẹ̀lì ló ń lò tẹ́lẹ̀, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí a gbọ́ ara wa. Nígbà tó yá, àwa ọmọ ra ẹ̀rọ oníná fún un, èyí tó ń lo féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú rẹ̀ dùn sí i gan-an. Ó ní òun ti lè gbọ́ rédíò báyìí tí òun bá ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ìjì ńlá kan jà, ó wó òpó iná lulẹ̀ lẹ́yìn ilé. Iná lọ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wá gbé òpó tuntun dúró tí iná dé, ìyá mi pè mí lórí fóònù.

“Ìwọ tíṣà, ẹ̀rọ yìí ti ya wèrè o. Mo da ẹ̀gẹ́ sí i lẹ́nu, ó ń bì í sí mi lára!”

Nígbà tó di Sátidé, mo mú mítà tí a fi ń wọn iná, mo gba ọ̀nà Ìgàngán lọ. Àwọn obìnrin bíi mẹ́fà ti jókòó ti bàsíà ẹ̀gẹ́ wọn, wọ́n ń retí mi. Mo wọn wáyà àkọ́kọ́, mo wọn èkejì, mo wọn ẹ̀kẹta. Iná tó wà nínú wọn dọ́gba. Mo wo ẹ̀rọ náà yí ká. Kò rùn, kò gbóná, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti da ẹ̀gẹ́ sí i ló ń ta á jáde. Ojú gbogbo wọn wà lára mi. Mo bá dá ẹjọ́.

“Ó ti jóná nínú.”

Ìyá mi wò mí. “Ẹ̀rọ tó jóná, tó wá ń yí kárakára báyìí?”

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ló ní òun mọ ìyá kan ní Èrúwà tó máa ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe, ó sì pè é. Kí n má parọ́, mo rẹ́rìn-ín nínú. Mo rò pé ìyá tí yóò wá yìí, bóyá ó kàn ń ta gílóòbù ni.

Ọ̀sán ni ó gun ọ̀kadà dé. Yóò ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó fi òwú so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó gbé àpò tí ó fi àpò símẹ́ńtì rán dání. Ó kí àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó bojú wo ẹ̀rọ. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè yà mí lẹ́nu.

“Ṣé wọ́n ṣiṣẹ́ lórí òpó yín láìpẹ́ yìí?”

Ìyá mi sọ ti ìjì fún un. Ó mi orí. “Ẹ tàn án kí n rí i.” Kò wò ó ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì lọ. “Ó tó. Ẹ pa á.”

Ó pa iná láti ibi tó ti wọlé, ó fi tẹ́sítà kan gbogbo wáyà láti rí i pé kò sí èyí tó ṣì ní iná nínú. Ó ṣí àpótí tí wáyà wà, ó tú méjì nínú mẹ́ta, ó gbé ti ọ̀tún sí òsì, ó gbé ti òsì sí ọ̀tún. Kò fọwọ́ kan ẹ̀kẹta. Kò pẹ́ tó àkókò tí a fi ń jẹ àgbàdo kan tán. Nígbà tí ó tan ẹ̀rọ, ẹ̀gẹ́ wọlé, ó sì ń dà jáde nísàlẹ̀ bí ẹ̀kọ. Àwọn obìnrin pariwo, wọ́n ń sáré gbé bàsíà.

Mo sún mọ́ ọn. “Mà, kí lẹ rí tí èmi ò rí?”

“Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n ń so wáyà padà, méjì ló gba ipò ara wọn. Gílóòbù ò ní mọ̀, fáànù ò ní mọ̀. Irú ẹ̀rọ yìí nìkan ló ń mọ̀.”

“Ṣùgbọ́n mo wọ̀n ọ́n, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dọ́gba!”

“Agbára wọn dọ́gba. Àsìkò wọn lẹ ò wọ̀n. Iṣẹ́ kí lẹ̀ ń ṣe?”

Mo sọ fún un pé tíṣà ni mí. Nígbà tó béèrè ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ohùn mi lọ sílẹ̀. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó wo odó ìyá mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní kí èmi, ìyá mi àti obìnrin kan yí i ká, kí oníkálukú mú ọmọ odó kan dání.

“Ẹ gún un bí ìgbà tí a ń gún èlùbọ́ láyé ìjọ́un. Màmá ló máa kọ́kọ́ gún, lẹ́yìn náà ẹ̀yin, lẹ́yìn náà tíṣà. Ẹ má jẹ́ kí igi yín kọlu ara wọn.”

A bẹ̀rẹ̀. Igi kan ń sọ̀kalẹ̀ bí èkejì ti ń gòkè.

“Apá ibo ni gígún náà ń yí sí?”

Apá ọ̀tún ni. Ó ní kí èmi àti obìnrin kejì pààrọ̀ ibi tí a dúró, ṣùgbọ́n kí a má yí ìtẹ̀léra wa padà. A tún gún un. Kò sí ẹni tó fi agbára kún un, kò sí ẹni tó dín in kù, síbẹ̀ apá òsì ni gígún ń yí sí báyìí. Mo dúró pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Ohun tí mo ti ń kọ sójú pátákó láti ọdún mọ́kànlá, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá sí kíláàsì mi. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní ìwé mẹ́fà lòun kà, kí lòun fẹ́ sọ níwájú àwọn ọmọ girama? Ìyá mi ló bá mi bẹ̀ ẹ́ tó fi gbà.

Ọjọ́ tí ó wá, ó gbé ẹ̀rọ àlòkù kan tó ti tú dání. Ó fi àwọn kọ́ọ̀lì inú rẹ̀, wáyà bàbà tí a yí jọ, han àwọn ọmọ, bí wọ́n ṣe tò yí ká. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ló kọ́ òun níṣẹ́, nítorí ìka òun tín-ín-rín, òun kì í sì í ṣì í kà tí òun bá ń yí wáyà. “Iná ń jí kọ́ọ̀lì wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan,” ni ó wí, “irin àárín sì ń sá tẹ̀lé e kiri.” Kò sí ọmọ tó sùn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó parí, mo ya ìlà mẹ́ta tó ń gòkè tó ń sọ̀ sójú pátákó, ìlà kan fún féèsì kan, bí mo ṣe máa ń yà á. Ó dìde, ó gbé awò sójú, ó sún mọ́ ọn.

“Ṣé bí ó ṣe rí nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ó fi ìka tẹ̀lé ìlà àkọ́kọ́, ó tẹ̀lé èkejì. “Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é, n ò rí i rí.” Ìka rẹ̀ wá dúró lórí ẹ̀kẹta. “Ṣùgbọ́n tíṣà, ẹ̀kẹta yìí pẹ́ jù. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ó bá rí báyìí, ẹ̀rọ á máa gbọ̀n ni.”

Mo mú rúlà, mo wọ̀n ọ́n. Òótọ́ ló sọ. Mo ti yà á kọjá ààyè rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Mo nù ún, mo tún un yà níwájú gbogbo wọn, ojú ò tì mí. Obìnrin tí kò rí àwòrán náà rí ló mọ ibi tó ti wọ́. Ó ní kí n dúró, ó yọ ìwé kékeré kan, ó sì ya àwòrán náà sínú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Láti ìgbà náà, bí a bá gba ìsinmi, mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Èrúwà lọ kọ́ṣẹ́. Ìka mi nípọn, n kì í sì í yára. Nígbà ìsinmi tó kọjá, ó jẹ́ kí n dá yí odindi kọ́ọ̀lì kan. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó tú u, ó ní kí n tún un yí.