Ẹ̀rọ Tó Ń Mu Omidùn

Garawa ọ̀dà méje ni mo tò sẹ́yìn yàrá mi ní Agbowó lọ́dún tí mo fẹ́ parí yunifásítì. Ẹrẹ̀ ló wà nínú wọn, omi lórí ẹrẹ̀. Orí mi ò dàrú o. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ń gbé inú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá sì ti ń jẹun, iná díẹ̀díẹ̀ ń jáde lára wọn. Mo yọ ọ̀pá dúdú inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú, mo rì wọ́n sínú garawa, mo sì fi wáyà so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó ní apá kan ṣoṣo. Ṣíbí ló wà lẹ́nu apá náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bu omidùn nínú abọ́, kó dà á sórí ẹrẹ̀, kí àwọn kòkòrò jẹ, kí iná wá, kí apá tún bu òmíràn, láìwojú iná ìjọba. Ọwọ́ rẹ̀ ò tó ju garawa kan lọ, èmi ni mò ń bọ́ mẹ́fà yòókù, ṣùgbọ́n ibì kan lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì là á mọ́lẹ̀ fún mi: “Tí kò bá bu oúnjẹ lójú mi, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, wàá tún ọdún yìí ṣe.” Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ibo ni n ó ti rí ọdún mìíràn?

Ìyá onílé wa, tí wọ́n ń ṣe ògì tà, ló ń fún mi ní omidùn. Ní Sátidé ìmọ́tótó kan, mo wà nínú gọ́tà iwájú ilé, tèmi ti ṣọ́bìrì, nígbà tí Ìyá gbọ́ pé àwọn wolé-wolé ti wọ àdúgbò. Ẹni tí wọ́n bá bá ìdin ẹ̀fọn nínú omi rẹ̀, kóòtù ló ń lọ. Wọ́n rántí garawa mi. Wọ́n gbé oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ṣáláńgá, wọ́n dà á sí méjèèje.

“Mo ti bá ẹ tọ́jú omi ẹ,” wọ́n ní, inú wọn ń dùn. “Wọn ò ní rí ẹ mú.”

Abẹ́rẹ́ mítà tí mo fi ń wọn iná ò mì mọ́. Inú bí mi débi pé ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kọjá níwájú wọn láìkí wọn. Èmi tí wọ́n kọ́ nílé! Wọ́n á ní, “Ṣé dáadáa lo jí?”, màá bá tèmi lọ. Mo bu ẹrẹ̀ tuntun lódò, abẹ́rẹ́ ò kúrò lójú kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ọ̀gá wá wò ó.

Lọ́jọ́ kẹrin, Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. “Kí ni mo pa?”

Mo ṣàlàyé, ohùn mi le. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

“Omidùn ni wọ́n ń jẹ, àbí? Máa bọ̀.”

Wọ́n mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń da omidùn nù láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ dúdú bí èédú, ó ń rùn gidi. “Àwọn tibí ti mọ oúnjẹ náà jẹ,” wọ́n ní. Wọ́n ká ìró sókè, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn bu ẹrẹ̀ kún garawa méjèèje. N ò dúpẹ́. Inú ṣì ń bí mi.

Lọ́jọ́ karùn-ún tí Ìyá bu ẹrẹ̀ náà, abẹ́rẹ́ mì. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá dé, a jókòó ti ẹ̀rọ náà bíi wákàtí kan kí iná tó kó ara jọ. Apá náà wá rọra lọ sílẹ̀, ó bu omidùn, ó dà á sórí ẹrẹ̀. Ọ̀gá kọ nǹkan sínú ìwé wọn, wọ́n ní ó dáa. Mo yege, mo kó ẹrù mi, mo sì fi àwọn garawa àti ẹ̀rọ náà sílẹ̀ torí òórùn wọn.

Ó lé lọ́dún kan kí n tó padà wá gba ìwé ẹ̀rí mi. Mo yà ní Agbowó. Garawa méjèèje wà níbi tí mo fi wọ́n sí, Ìyá ti fi àwọ̀n bo ẹnu wọn kí ẹ̀fọn má baà yé sínú wọn. Omidùn kún inú abọ́. Apá náà ń bu ú.

“Mo rò pé o máa padà wá gbé e,” wọ́n ní. “Mò ń fún un lóúnjẹ. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun?”

Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo kí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí mo fi kọjá láìkí wọn.